Ṣé mo lè wọ yúnífọ́ọ̀mù ṣọ́jà Amẹ́ríkà wálé fún ọjọ́ ìbí bàbá mi?

OmoAgo_Texas

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo wà nínú Army níbí, Texas ni wọ́n gbé mi sí. Bàbá mi máa pé ẹni 70 ọdún ní oṣù Kejìlá, Àgọ́-Ìwòyè la ti máa ṣe é. Líìfù mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Màmá mi ni wàhálà tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ àwọn máa sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà pẹ̀lú kámò àti búùtù, wọ́n tiẹ̀ ti bá oníkámẹ́rà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ayẹyẹ gan-an, wọ́n fẹ́ kí n wọ aṣọ òde ti ológun, èyí tó ní táì àti mẹ́dàì, kí n wá fún bàbá mi ní sàlúùtù níwájú àlejò.

Ọmọ Kẹ́ńyà kan tá a jọ wà ní yúnítì ní kí n má dán an wò. Ọmọ Nàìjíríà kan ní òun ṣe é rí, kò sì sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó mọ òfin rẹ̀ ni mò ń bi, kì í ṣe ẹni tó wo fídíò. Ẹ ṣé o.

Iya_Ibeji_Houston

Ìyá ọmọ ò jẹ̀bi o! Ẹni tó fi ọmọ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, tí ọmọ ọ̀hún di ṣọ́jà Amẹ́ríkà, ṣé kó má yangàn ni?

Ẹ sì rántí MAVNI, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tí wọ́n fi ń gba àwọn tí kò tíì ní green card wọṣẹ́ ológun nítorí èdè tí wọ́n ń sọ. Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Àbúrò ọkọ mi gba ibẹ̀ wọlé kí wọ́n tó ti ètò náà pa ní 2016. Èdè tí ìyá kọ́ ọmọ nílé ló ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ wá ń sọ pé kí ìyá má rí aṣọ tí èdè yẹn rà? Wọ̀ ọ́ jàre. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, fi káàdì ológun rẹ hàn án.

Sajenti_Feyinti

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ dá ọmọ yìí lóhùn, nítorí iṣẹ́ yìí ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì sí Georgia níbí.

Àbúrò, AR 670-1, ìwé òfin Army lórí aṣọ àti ìmúra, ló ń darí ohun tí o béèrè. Kò sí ṣọ́jà Army tí kò mọ nọ́ńbà yẹn, àmọ́ díẹ̀ ló kà á kọjá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ irun orí. Ohun tó sọ nípa ìrìn-àjò nìyí: tí iṣẹ́ ìjọba bá gbé ọ rìn nínú ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn ń wọ̀, service uniform, ìyẹn aṣọ òde ti ológun, ni kí o wọ̀, tàbí aṣọ ilé tó bójú mu. Kámò ò sí níbẹ̀, àfi tí kọ̀máńdà bá fọwọ́ sí i fún ohun pàtàkì: o ń lọ sójú ogun tàbí o ń tibẹ̀ bọ̀, àjálù ṣẹlẹ̀ nílé tí o fi ń sáré gba líìfù pàjáwìrì, tàbí wọ́n rán ọ lọ dúró ti ìdílé ṣọ́jà tó kú. Ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ò sí nínú wọn, bí bàbá náà tilẹ̀ pé 100.

Àwọn tí màmá yín ń rí nínú fídíò, tí wọ́n wọ kámò ní éápọ́ọ̀tù Atlanta tàbí Dallas, tí èrò ń pàtẹ́wọ́ fún, Iraq tàbí Afghanistan ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bọ̀ nígbà náà. Atlanta àti Dallas ni ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó gba ìsinmi láti ojú ogun máa ń balẹ̀ sí. Kọ̀máńdà wọn mọ̀ sí i. Ìwọ tí o ń lọ jẹ ìrẹsì ọjọ́ ìbí, ọ̀rọ̀ tìrẹ yàtọ̀.

Kò tán síbẹ̀ o. Tí o bá ti kúrò níbí, ìwé mìíràn tún wà, Foreign Clearance Guide. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ojú-ewé tirẹ̀ níbẹ̀: irú ìwé àṣẹ tí o gbọ́dọ̀ gbà, ẹ̀kọ́ ààbò tí o gbọ́dọ̀ ṣe kí o tó lọ, àti ọ̀rọ̀ aṣọ. Lọ bá àwọn S-2 yín, àwọn tó ń rí sí ààbò ní yúnítì, kí wọ́n ṣí ojú-ewé Nàìjíríà fún ọ. Má gba ti ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́, títí kan èmi.

OmoAgo_Texas

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Tí mo bá ní kí n gé e sí méjì ńkọ́? Kí n wọ service uniform láti Texas dé Atlanta, kí n bọ́ ọ ní Atlanta, kí n wá fi bùbá àti ṣòkòtò wọ ọkọ̀ tó ń lọ Èkó. Ó kéré tán, wọ́n á jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, wọn ò sì ní gbowó àpò lọ́wọ́ mi. Ẹrù tí màmá mi ní kí n kó wálé kì í ṣe kékeré.

Sajenti_Feyinti

Lórí ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa dá ọ dúró tí aṣọ náà bá mọ́ tó sì pé. Àmọ́ kí lo fẹ́ fi ṣe? Gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ yẹn, káàdì ló ń fúnni, kì í ṣe aṣọ. Nọ́ńbà DoD ID tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ, tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n kọ Known Traveler Number sí nígbà tí o bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, o ti wọ PreCheck nìyẹn, ìlà ìyẹ̀wò tó máa ń yá ní éápọ́ọ̀tù, kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Ní ti àpò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú níbí ló ń gba tàwọn ṣọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́, káàdì ni wọ́n ń wò ní káńtà. Ka òfin tiwọn kí o tó kó ẹrù débẹ̀, nítorí iye àpò tí wọ́n ń gbà fún ẹni tó ń rìn fún iṣẹ́ ìjọba yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà lórí líìfù.

Ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ní éápọ́ọ̀tù ti di ọmọ gbogbo ayé. O ò gbọdọ̀ máa rìn kí o máa tẹ fóònù. O ò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò. Tí ebi bá ń pa ọ́, tí o jókòó síbi tí ọtí pọ̀, sájẹ́ǹtì kan tí o ò mọ̀ rí máa wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, á bi ọ́ ní yúnítì rẹ. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ rí ní Atlanta, mi ò sì tọrọ gáfárà.

Koporal_Ojoo

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wọ ti ilé sọ díẹ̀. Ṣọ́jà Nàìjíríà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lóhùn-ún, ẹ rò pé aṣọ ológun ń dáàbò bo èèyàn lójú ọ̀nà. Ní Èkó, bóyá. Ṣọ́jà tó bá wọ dánfó, kọ́ńdọ́kítọ̀ á ní "staff", kò ní gbowó lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ ẹ lọ bi àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Àríwá. Tí wọ́n bá fún wa ní pass láti Maiduguri, aṣọ ilé la fi ń jáde. Ọ̀nà Maiduguri sí Damaturu, Boko Haram máa ń dínà níbẹ̀, wọ́n á sọ èrò kalẹ̀, wọ́n á máa wá ṣọ́jà àti ọlọ́pàá láàárín wọn. Mufti nìkan ò tó. Ẹlòmíràn á rán káàdì ìdánimọ̀ sínú ìgbànú ṣòkòtò, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ bọ inú gàrí nínú àpò. Wọ́n á wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ, wọ́n á wo ibi tí okùn ìbọn ń gbà kọjá ní èjìká. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun bíi ti bàráàkì á fi fìlà bò ó. Mo rí ọ̀gá kan tó gbé Kùránì kékeré àti ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà lọ́wọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, Kìrìsìtẹ́nì pọ́ńbélé sì ni.

Èmi tí mo ti rí ìyẹn, kí ẹnìkan máa sọ fún mi pé òun fẹ́ wọ kámò òyìnbó gba ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kọjá lọ sí Àgọ́-Ìwòyè lóṣù Kejìlá? Àwọn ajínigbé ńkọ́? Kámò Amẹ́ríkà ń pariwo owó dọ́là ni.

Iya_Ibeji_Houston

Olúwa ò, mi ò rò ó débẹ̀. Mo fọwọ́ kúrò ní ti ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn ayẹyẹ ńkọ́, níbi tó jẹ́ pé ẹbí nìkan ló wà?

Koporal_Ojoo

Ìyá wa, ayẹyẹ ẹni 70 ọdún ní Ìjẹ̀bú, ẹbí nìkan?

Agbejoro_Bodija

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Abala 110 nínú Criminal Code tá à ń lò ní gúúsù ni ẹ lọ wò. Ó ka ẹni tí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ológun Nàìjíríà léèwọ̀ láti wọ yúnífọ́ọ̀mù wọn, tàbí aṣọ tó jọ ọ́. Ibi tó kan ọmọ wa ni "tó jọ ọ́" yẹn. Aṣọ Amẹ́ríkà kì í ṣe aṣọ Nàìjíríà, mo gbà, n ó sì lè bá agbẹjọ́rò ìjọba fà á ní kóòtù. Àmọ́ kámò jọ kámò lójú ẹni tó gbé ìbọn dúró lójú ọ̀nà, kò sì gbé ìwé òfin dání. Ìyà tó wà nínú ìwé òfin yẹn kéré, ohun tí ojú máa rí kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù ló tóbi.

Ohun kejì, àwọn ọmọ wa lókè òkun máa ń gbàgbé èyí. Ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí ni ọ́. Abala 28 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 jẹ́ kí ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí gba ti ibòmíràn mọ́ ọn láìpàdánù tiwa. Pásípọ́ọ̀tù ewéko lo máa fi wọlé. Nítorí náà, lójú òfin ibí, ìwọ kì í ṣe ṣọ́jà àjèjì tó wá ṣèbẹ̀wò, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tó wọ kámò ni ọ́. Káàdì tí Ìyá Ìbejì ní kí o fi hàn ò bo ọ. Líìfù lo wà, wọn ò rán ọ níṣẹ́, o ò sì ní àǹfààní tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ́ḿbásì ní.

Kunle_Katangua

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún ṣọ́jà láṣẹ láti na èèyàn nítorí aṣọ? Ní Kàtángùà níbí, nínú bélì òkìríkà tá à ń já, kámò ò ṣe é má bá pàdé. Jákẹ́ẹ̀tì, níkà, fìlà, tàwọn ọmọdé pàápàá. Ẹ̀gbọ́n mi wọ fìlà kámò kan tó ti ṣá, tí èèyàn ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ó jókòó níwájú nínú Sienna. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kan dúró sí lójú ọ̀nà, ọ̀kan fi igi ṣí fìlà náà kúrò lórí rẹ̀, ó fi igi yẹn náà gbé e sọ sínú kòtò. "Who give you?" Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sórí òkúta, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Dírẹ́bà ló bá a bẹ̀. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ ń wojú fóònù bíi pé wọn ò rí i.

Ṣé òfin nìyẹn?

Agbejoro_Bodija

Rárá, òfin kọ́ nìyẹn. Abala 110 ò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ igi tàbí òkúta. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kí ọlọ́pàá gbé e lọ sí kóòtù, kí adájọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún lè pe ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, abala 34 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ò fàyè gba ìwọ̀sí. Iye ẹni tó ń pè é ló kéré, ẹ ò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Kunle, àmọ́ gbà mí ní ìmọ̀ràn kan: nínú bélì tí o bá já, ya kámò sọ́tọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù máa ń gba aṣọ ológun tí àwọn èèyàn kó wọlé láìní ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò. Ẹni tó ń tà á lẹ́yọ lẹ́yọ lọ́jà ò ní rí ìwé kankan fi hàn.

Akeweje_Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo ń gbọ́ yín láti London. Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni aṣọ ológun ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní ìlú ọba níbí, nígbà tí IRA, ẹgbẹ́ ajìjàgbara Ireland, ń ju bọ́ǹbù, ṣọ́jà ò kì í wọ yúnífọ́ọ̀mù rìn lójú títì rárá. Aṣọ ilé ni wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀ ní bàráàkì. Ó mọ́ wọn lára débi pé nígbà tí ìjà yẹn rọlẹ̀ pàápàá, wọn ò yí i padà. Ní 2008, ọ̀gá àwọn ọmọ RAF, ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, tó wà ní Wittering ní kí wọ́n má wọ yúnífọ́ọ̀mù wọ ìlú Peterborough mọ́ nítorí èébú tí àwọn kan ń bú wọn. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Lọ́dún yẹn kan náà, ìròyìn tí Quentin Davies, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kọ fún ìjọba ní kí wọ́n jẹ́ kí ṣọ́jà máa wọ aṣọ wọn láàárín ìlú kí ará ìlú lè mọ̀ wọ́n.

Nígbà tó wá di oṣù Karùn-ún 2013, wọ́n pa Lee Rigby ní Woolwich, nítòsí bàráàkì rẹ̀. Kò wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà o. Aṣọ tí àjọ àánú tó ń ran àwọn ṣọ́jà lọ́wọ́ ń tà ló wọ̀. Àwa tá a wà ní gúúsù London ò lè gbàgbé ọ̀sẹ̀ yẹn, pàápàá nítorí orúkọ àwọn tó ṣe é. Orúkọ tiwa ni. Ojú ń ti èèyàn láti pe orúkọ ara ẹ̀ níbi iṣẹ́.

Sajenti_Feyinti

Akeweje, o ti já mi sí ibi tí mo fẹ́ lọ. Aṣọ nìkan kọ́ ló ń tú ṣọ́jà fó. Ní oṣù Kẹfà 1985, wọ́n já ọkọ̀ òfurufú TWA 847 gbà lẹ́yìn tó gbéra ní Athens. Ọmọ Navy kan wà nínú rẹ̀, Robert Stethem, ọmọ ọdún 23, òmùwẹ̀ ni nínú iṣẹ́ ológun. Aṣọ ilé ló wọ̀. Ìwé àti káàdì tó wà lọ́wọ́ wọn ni àwọn ajọ́kọ̀gbà fi mọ ẹni tó jẹ́ ṣọ́jà. Wọ́n lù ú, wọ́n yìnbọn pa á ní Beirut, wọ́n ju òkú rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ ogun kan lẹ́yìn náà, USS Stethem.

Ẹ̀kọ́ ààbò tí wọ́n máa ní kí o ṣe lórí kọ̀ǹpútà kí líìfù rẹ tó jáde, tí gbogbo yín ń tẹ̀ "next" kọjá, irú ọ̀rọ̀ yìí ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, àbúrò, tú báàgì rẹ palẹ̀. Báàgì ẹ̀yìn aláwọ̀ kámò, ó di ilé. T-shirt tí wọ́n kọ orúkọ yúnítì sí láyà, ó di ilé. Lébẹ́ẹ̀lì tí o kọ "SPC", ìyẹn ipò rẹ, àti orúkọ rẹ sí lára àpótí, yọ ọ́. Búùtù aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, bàtà ni lójú tìẹ, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n á dá a mọ̀ láti òdìkejì ọ̀nà. Káàdì rẹ, fi sí ibi tí kò ní jáde nígbà tí o bá ń yọ owó sanwó súyà. Kò sì sí ìdí tí oníkámẹ́rà fi gbọ́dọ̀ dúró sí Ìkẹjà. Ọjọ́ àti ọkọ̀ tí o máa wọ̀, bí màmá yín bá ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

OmoIlesa_Jersey

Ẹ jọ̀wọ́, èmi wà ní National Guard, mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́. Wọ́n pè mí sí ètò kan nílé ní 15 oṣù Kìn-ín-ní, Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ológun. Ètò ológun gidi ni o, kì í ṣe ayẹyẹ ilé. Ṣé ìyẹn náà ò ṣeé ṣe?

Sajenti_Feyinti

Tìrẹ ṣeé gbìyànjú, nítorí ètò ológun ni. Ẹni tó wà ní Guard tàbí Reserve tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dédé wọ yúnífọ́ọ̀mù nílẹ̀ òkèèrè. Àmọ́ AR 670-1 fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ètò ológun: kí o lọ fi ara rẹ han ológun tó ń ṣojú Amẹ́ríkà ní ẹ́ḿbásì, ẹni tí wọ́n ń pè ní military attaché, kí ó yẹ ìwé rẹ wò, òun ló lè fún ọ láṣẹ. Bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Má dúró dìgbà tí o bá dé Abuja. Ìwé ìpè tí wọ́n fún ọ, rí i pé orúkọ ètò àti ẹni tó pè ọ́ hàn kedere lórí rẹ̀. Sọ fún yúnítì rẹ pẹ̀lú kí o tó kọ̀wé sí ẹ́ḿbásì.

OmoAgo_Texas

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti lọ bá S-2 àti ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó ní "civilian clothes", ó ní kí n lọ parí ẹ̀kọ́ ààbò kí òun tó fọwọ́ sí líìfù. Ọ̀rọ̀ kámò ti parí nìyẹn.

Mo ti pe màmá mi. Wọn ò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní ṣé kí n so mẹ́dàì mọ́ agbádá?

Koporal_Ojoo

Ìyá yìí á pa mí o 😂

Sajenti_Feyinti

Sọ fún màmá pé wọ́n ní làákàyè, àmọ́ rárá. Àwa tá a ti fẹ̀yìn tì lè so mẹ́dàì mọ́ kóòtù lọ́jọ́ bíi Veterans Day tàbí Memorial Day níbí. Agbádá ọjọ́ ìbí bàbá ẹni ò sí lára wọn.

Iya_Ibeji_Houston

Ẹ gbọ́, mo ní àbá. Kó wọ aṣọ òde ọ̀hún níbí, kó lọ ya fọ́tò gidi ní Texas, kó dúró bíi ẹni tó ń kí bàbá rẹ̀. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì ńlá, kí wọ́n yí i sínú páìpù bébà kó má bàa já. Nílé ni kí wọ́n ti ṣe férémù rẹ̀, ó pọ́ọ́kú jù níbí lọ. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ọmọ á wọ aṣọ ẹbí, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá, wọ́n á wá ṣí aṣọ lójú fọ́tò náà. Àwọn onílù á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ìyá ẹ á rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Lẹ́yìn ayẹyẹ, fọ́tò á wà lára ògiri pálọ̀.

OmoAgo_Texas

Ìyá mi, ẹ ti yanjú ẹ̀! Service uniform tuntun ni mo fẹ́ fi yà á, aláwọ̀ ewé yẹn tí wọ́n ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ ní kó tó di oṣù Kẹwàá 2027. Mo ti rà á tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Sájẹ́ǹtì, ṣé fọ́tò náà ò ní wàhálà lójú ọ̀nà?

Sajenti_Feyinti

Fọ́tò tó yí sínú páìpù nínú àpótí? Kò sí. Má ṣáà fi orúkọ yúnítì rẹ àti ibi tí wọ́n gbé ọ sí kọ sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ bàbá ni kí o kọ.

Koporal_Ojoo

Tí ẹ bá ti mọ déètì, ẹ má kọ ọ́ síbí. Àmọ́ ẹ fi ìrẹsì pamọ́ fún èmi tí mo wà ní Ọ̀jọ́ọ̀.

Adunni_Manchester

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú pé mo ya ọ̀rọ̀ sọ́nà. Àwa àti àwọn ọmọ fẹ́ lọ sí Barbados nígbà ìsinmi, a ó sì fi ìparí ọdún lọ sí Accra. Ọmọkùnrin mi ní níkà kámò kan tí kò gbọdọ̀ má wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ọ̀rọ̀ yín yìí ò kan ọmọdé, àbí?

Akeweje_Peckham

Ó kàn án o. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìmọ̀ràn ìrìn-àjò wọn fún Barbados pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni wọ kámò níbẹ̀, títí kan ọmọdé. Jàmáíkà náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní Gánà, wọn ò fẹ́ aṣọ tó jọ ti ológun lára ará ìlú rárá. Tó bá jẹ́ àwọ̀ pupa tàbí búlúù ni wọ́n fi ya kámò náà, má dán an wò síbẹ̀.

Adunni_Manchester

Àní báàgì omi rẹ̀ pàápàá kámò ni.

Akeweje_Peckham

Fi sílé pẹ̀lú níkà yẹn. Ra èyí tó ní àwòrán dinosọ̀ fún un.